Ẹsẹ̀ Sùn, Ẹlẹ́sẹ̀ Ò Sùn: Abẹ́rẹ́ Tí Sikáànì Ń Fi Ọ̀nà Hàn

Ọ̀RỌ̀ ÌLERA

Bí dókítà bá sọ fún àgbàlagbà pé ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ iṣẹ́ abẹ, ọ̀pọ̀ ìgbà kì í ṣe ọ̀bẹ ló máa ń kọ́kọ́ bà á lẹ́rù. Oorun ni. "Ṣé wọ́n á kùn mí lóorun? Bí n kò bá wá jí mọ́ ńkọ́?" Ìbéèrè yìí ló ń mú kí ìyá ọlọ́jà máa fi ìró bo egbò ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Òun náà ló ń mú kí bàbá oníṣọ́ọ̀bù máa fi igi tilẹ̀ rìn, kó máa wí pé ó máa san, ó máa san, títí ọ̀rọ̀ fi kọjá ohun tí egbòogi lè ṣe.

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ló wà nínú ewu jù. Bàtà á há a lẹ́sẹ̀, kò ní mọ̀. Egbò kékeré á yọ, á ní kò dun òun. Kó tó mọ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti dúdú, òórùn ti dé. Ohun tó yẹ kó mọ sórí ìka kan á di ọ̀rọ̀ ọrùn ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ ọrùn ẹsẹ̀ á gòkè dé ojúgun. Owó wà lára ohun tó ń fa ìdádúró, lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀rù oorun wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ irú aláìsàn yìí sábà máa ń ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn mọ́ àtọ̀gbẹ, tó fi jẹ́ pé dókítà fúnra rẹ̀ kì í fẹ́ kùn ún lóorun pátápátá bí ọ̀nà mìíràn bá wà.

Ọ̀nà kan ò sì wọ ọjà. Ọ̀nà mìíràn wà. Wọ́n lè pa ẹsẹ̀ nìkan kú, kí ẹni tó ni ẹsẹ̀ la ojú rẹ̀ sílẹ̀ kedere. Ẹ̀rọ sikáànì tí àwọn aboyún mọ̀ bí ẹní mọ owó ni wọ́n fi ń ṣe é.

ÀWỌN ONÍNÁ MÀNÀMÁNÁ LÓ MÁA TÈTÈ YÉ

Bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú yàrá kan, kò pọn dandan kí oníná pa iná gbogbo àdúgbò kó tó tún un ṣe. Ó lè pa ti ilé náà nìkan. Ó sì lè yọ fíúsì yàrá yẹn nìkan, kí àwọn tó kù nínú ilé máa wo tẹlifíṣàn wọn lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn iṣẹ́ abẹ rí. Kíkùn lóorun pátápátá dà bí pípa iná àdúgbò: ọpọlọ á sùn, èèyàn ò ní mọ nǹkan kan, ẹ̀rọ pàápàá lè máa bá a mí. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, èyí tí ọ̀pọ̀ ìyá tó fi iṣẹ́ abẹ bímọ mọ̀, dà bí pípa iná ilé kan: láti agbègbè ìdodo dé àtẹ́lẹsẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì ló kú. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni fíúsì yàrá kan: ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló kú, tàbí apá ibì kan péré lára ẹsẹ̀ náà. Aláìsàn ń mí fúnra rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀. Ìfúnpá rẹ̀ kì í sábà já wálẹ̀ bó ṣe lè já bí wọ́n bá gún abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí ó fi wúlò fún ẹni tí ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò lágbára.

Wáyà wo ni wọ́n ń gé iná rẹ̀? Yorùbá ń pe ohun púpọ̀ ní iṣan. Iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wà. Iṣan tó so ẹran mọ́ egungun wà. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni iṣan ìmọ̀lára: òun ni wáyà ara. Òun ló ń gbé ìròyìn ìrora lọ sọ́dọ̀ ọpọlọ, òun náà ló ń gbé àṣẹ bọ̀ pé kí ẹsẹ̀ gbéra. Bí oògùn bá yí wáyà yìí ká, ìròyìn ò lè kọjá mọ́. Ọ̀bẹ ń ṣiṣẹ́ lẹ́sẹ̀, ọpọlọ ò gbọ́.

Wáyà ńlá méjì ló wọ ẹsẹ̀. Ọ̀kan gba iwájú wá, níbi tí itan ti so mọ́ ìsàlẹ̀ ikùn. Òun ló ń jẹ́ kí orúnkún lè nà, kí iwájú itan sì mọ nǹkan lára. Èkejì gba ìdí wá, ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn itan. Òun ló tóbi jù lọ nínú gbogbo iṣan ìmọ̀lára ara èèyàn, ó fẹ̀ tó àtàǹpàkò níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá dé ìtòsí kòtò ẹ̀yìn orúnkún, ó pín sí méjì. Lọ́rùn ẹsẹ̀, ẹ̀ka iṣan márùn-ún ló wọ inú àtẹ́lẹsẹ̀ àti ọmọ ìka. Ẹni tí wọ́n fẹ́ gé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n lè dí i lọ́rùn ẹsẹ̀. Ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ lójúgun rẹ̀, ẹ̀yìn orúnkún tàbí òkè rẹ̀ ni wọ́n máa lọ. Ẹni tí egungun ìbàdí rẹ̀ kán, òkè itan níwájú ni wọ́n máa gún.

OÒGÙN TI WÀ TIPẸ́, OJÚ NI KÒ SÍ

Ní ọdún 1884, ní ìlú Vienna ní ilẹ̀ Austria, dókítà ojú kan tó ń jẹ́ Carl Koller rí i pé bí wọ́n bá kán omi kokéènì sójú aláìsàn, ọ̀bẹ lè kan ẹyin ojú kó má dùn ún. Kò pẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Amẹ́ríkà fi bẹ̀rẹ̀ sí í fa oògùn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan ìmọ̀lára. Àmọ́ kokéènì kì í ṣe ẹran ọ̀sìn. William Halsted, tó wà lára àwọn tó ṣáájú nínú iṣẹ́ náà ní New York, dán an wò lára ara rẹ̀ títí ó fi di bárakú fún un.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1898, ní ìlú Kiel ní Jámánì, August Bier gún abẹ́rẹ́ sí ẹ̀yìn lébìrà ẹni ọdún 34 kan tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti ba oríkèé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ó ṣe iṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀ náà, kò dun ọkùnrin náà. Lẹ́yìn ìyẹn, Bier àti igbákejì rẹ̀, Hildebrandt, dán an wò lára ara wọn. Nígbà tí ẹsẹ̀ Hildebrandt kú tán, Bier fi òòlù gbá a lójúgun, ó fi sìgá tó ń jó kàn án lẹ́sẹ̀. Ọkùnrin náà ò tilẹ̀ mira. Ìgbà tí oògùn kúrò lára ni ojúgun wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tẹnu rẹ̀! Ìtàn yẹn panilẹ́rìn-ín, àmọ́ kí òǹkàwé fi í sọ́kàn dé ìsàlẹ̀: ẹsẹ̀ tó kú ò mọ iná, kò mọ òòlù.

Ní ọdún 1943, Nils Löfgren ní ilẹ̀ Sweden ṣe lignocaine jáde, èyí tí àwọn oníṣègùn eyín ṣì ń lò títí dòní, tí kì í di bárakú bí kokéènì. Oògùn ti wá wà wàyí. Ojú ni kò sí. Dókítà á fi ìka wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù, á fi ọwọ́ wọn ibi tí egungun wà, á wá gún un. Bí ẹsẹ̀ aláìsàn bá ta bí ẹni tí iná gbé, ó mọ̀ pé òun ti dé ìtòsí. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fi iná díẹ̀ gba inú abẹ́rẹ́, tí ẹran ẹsẹ̀ á máa fò bí abẹ́rẹ́ bá ti súnmọ́ iṣan. Ó ràn wọ́n lọ́wọ́, àmọ́ wíwá abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn ni síbẹ̀síbẹ̀.

Ibi iṣẹ́ irin ni ojú ti wá. Àwọn oníṣẹ́ irin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ̀rọ kan tó ń fi ìró wá ibi tó sán nínú irin láìgé irin náà. Ian Donald, dókítà àwọn aboyún ní Glasgow, rò ó pé ohun tó lè rí inú irin lè rí inú ara. Ní ọdún 1958, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ohun tí wọ́n rí jáde fáyé. Ibẹ̀ ni sikáànì aboyún ti gbilẹ̀.

Ó wá tún kan Vienna. Ní ọdún 1994, Stephan Kapral àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ fi sikáànì tọ́ abẹ́rẹ́ sọ́nà fún iṣan apá. Ní ọdún 1997, Peter Marhofer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e dé ẹsẹ̀. Èèyàn 40 tó farapa ní ìbàdí ni wọ́n lò. Wọ́n fi sikáànì wá iṣan àwọn kan, wọ́n fi ẹ̀rọ oníná wá ti àwọn yòókù. Ní ìpíndọ́gba, ẹsẹ̀ àwọn tí wọ́n fi sikáànì ṣe tiwọn kú láàárín ìṣẹ́jú 16. Ti àwọn yòókù gba ìṣẹ́jú 27. Ẹsẹ̀ àwọn ti sikáànì tún kú dáadáa jù.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE É GAN-AN

Etí èèyàn kì í gbọ́ ìró tó bá lù ju ìgbà 20,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìró tí ẹ̀rọ yìí ń rán wọ ara fún iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ń lù ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹnikẹ́ni ò lè gbọ́ ọ. Ó wọlé, ó kan nǹkan, ó padà wá jíṣẹ́, bí ohùn ẹni tó pariwo sínú kànga ṣe ń padà. Ẹ̀rọ á wá fi èyí tó padà ya àwòrán sójú dígí.

Wọ́n á kọ́kọ́ gbé aláìsàn lé òṣùwọ̀n, torí pé bí èèyàn bá ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń ṣírò ibi tí oògùn ò gbọdọ̀ kọjá. Wọ́n á so omi mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n á so ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọkàn àti ìmí mọ́ ọn. Wọ́n á bi í léèrè ẹsẹ̀ wo ni, ọ̀tún tàbí òsì, wọ́n á sì sàmì sí i. Wọ́n á fi oògùn apakòkòrò nu ojú ibẹ̀, wọ́n á fi ọ̀rá tó ń yọ̀ sí i, wọ́n á wá gbé orí ẹ̀rọ náà lé ara.

Ohun tí dókítà ń rí rèé: iṣan ẹ̀jẹ̀ dúdú, ó rí roboto. Èyí tó ń sọ kúlú kúlú ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ọkàn. Èyí tó ń pẹlẹbẹ bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ló ń dá ẹ̀jẹ̀ padà. Iṣan ìmọ̀lára funfun, àwọn àmì dúdú kéékèèké wà nínú rẹ̀ bí afárá oyin. Lókè itan níwájú, ẹ̀gbẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń lù ló wà, lápá ìta. Abẹ́rẹ́ alára fara hàn bí okùn funfun tó ń dán. Dókítà ń wò ó bó ṣe ń wọlé lọ, ó ń yà fún iṣan ẹ̀jẹ̀, ó ń lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan ìmọ̀lára. Kò gbọ́dọ̀ gún un wọ inú iṣan náà. Ẹ̀gbẹ́ ni oògùn ń dúró sí.

Kó tó tẹ oògùn, ó á kọ́kọ́ fà á sẹ́yìn wò bóyá ẹ̀jẹ̀ máa wọ inú rẹ̀. Bí kò bá sí ẹ̀jẹ̀, á tẹ díẹ̀, á dúró, á tún tẹ díẹ̀. Lójú dígí, oògùn á máa yí iṣan náà ká bí omi ṣe ń yí erékùṣù ká. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á fi yìnyín tàbí òwú tí wọ́n rẹ sínú sípírítì kan ẹsẹ̀. Bí aláìsàn ò bá mọ̀ pé ó tutù mọ́, iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ lignocaine ni wọ́n lò, ó lè wà lára fún wákàtí kan sí mẹ́ta. Bó bá jẹ́ bupivacaine, ó lè tó wákàtí 8, ó sì lè kọjá 18. Ìyẹn ni pé aláìsàn á ti padà sórí ibùsùn, á ti jẹun, kí ìrora tó rántí rẹ̀.

KÒ SÍ OHUN TÓ NÍ ỌWỌ́ Ọ̀TÚN TÍ KÒ NÍ TÒSÌ

Ewu rẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ ó ní. Èyí tó léwu jù ni kí oògùn bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ tàbí kó pọ̀ jù. Etí á máa hó, ahọ́n á kú, ẹnu á máa ta bí ìgbà tí èèyàn lá irin. Bí kò bá tètè dúró, gìrì lè gbé aláìsàn, ọkàn sì lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá gbọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lára lórí tábìlì kó má tijú, kó pariwo fún dókítà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ wà. Ní ọdún 2006, àwọn dókítà ní New York ròyìn ọkùnrin kan tí ọkàn rẹ̀ dúró lẹ́yìn irú abẹ́rẹ́ yìí ní èjìká. Wọ́n ṣe é títí, ọkàn ò dáhùn, àfi ìgbà tí wọ́n fa omi ọ̀rá kan tí wọ́n fi òróró sóyà ṣe sí i lára. Ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í lù padà. Láti ìgbà náà, omi ọ̀rá yìí ti di ohun tó yẹ kó wà nítòsí níbikíbi tí wọ́n bá ti ń gún irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ lè dà sábẹ́ ara, kòkòrò lè wọlé, iṣan sì lè ṣèṣe kí ibì kan máa rínni wìnnìwìnnì fún ọjọ́ mélòó kan. Kó bàjẹ́ títí ayé ṣọ̀wọ́n gan-an. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi warfarin, gbọ́dọ̀ sọ. Ẹni tó ń mu àgbo kó sọ ọ́ pẹ̀lú, kó má fi pamọ́ nítorí pé ó ń bójú dókítà. Alátọ̀gbẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kú tẹ́lẹ̀ kó sọ ọ́ kí wọ́n tó gún un, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Oògùn lè pẹ́ lára irú wọn ju ti ẹlòmíràn lọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí ọ̀kadà gbá tún yàtọ̀ díẹ̀. Bí egungun ojúgun bá kán, ẹsẹ̀ lè wú nínú títí á fi le bí awọ ìlù, tí ẹ̀jẹ̀ ò ní ráàyè kọjá mọ́. Ìrora tó ń pọ̀ sí i ni agogo tó ń kìlọ̀ fún dókítà. Bí wọ́n bá pa ẹsẹ̀ kú pátápátá, agogo lè má dún. Nítorí náà, bí dókítà bá ní òun ò ní gún irú abẹ́rẹ́ yìí fún ẹni bẹ́ẹ̀, kí ẹbí má rò pé ìkà ni.

Ohun kan tún wà: abẹ́rẹ́ yìí lè kọ̀. Ibì kan lè ṣì máa dunni, ó sì lè di dandan kí wọ́n kun èèyàn lóorun. Ìdí nìyẹn tí òfin àìjẹun fi dúró síbẹ̀: wákàtí 6 ó kéré tán láìjẹ oúnjẹ, wákàtí 2 láìmu omi lásán. Ẹ̀kọ mímu kì í ṣe omi o. Ìyá tó bá fi ẹ̀kọ pamọ́ mu láàárọ̀ iṣẹ́ abẹ, tó ní ṣebí ẹsẹ̀ lásán ni, ẹ̀mí ara rẹ̀ ló ń fi ṣeré.

NÍGBÀ TÍ ẸSẸ̀ ṢÌ Ń SÙN

Ibí yìí ni iṣẹ́ ẹbí wà. Ẹsẹ̀ tó kú ò lè gbé èèyàn. Bí wọ́n bá dí iṣan iwájú itan, orúnkún á yẹ̀ lójijì. Ẹni tó bá dìde lọ tọ̀ láìpe ẹnikẹ́ni á ṣubú, egungun mìíràn lè kán. Kí ẹnikẹ́ni má gbé omi gbígbóná lé e, kó má fi ràbọ̀ tàbí epo gbígbóná ra á, kó má sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Òòlù Bier ni kí wọ́n rántí. Kí wọ́n máa wo gìgísẹ̀ kó má tẹ ibi kan pẹ́ jù, kí ojú ibẹ̀ má baà bó. Kí aláìsàn lo oògùn ìrora tí wọ́n fún un kí abẹ́rẹ́ tó kúrò lára tán, torí pé òru ni ìrora sábà máa ń yọjú. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá wá mọ́ tó tún ṣú, tí ẹsẹ̀ ò tíì jí, kí wọ́n padà sọ́dọ̀ dókítà.

ÌBÉÈRÈ TÓ YẸ KÍ ẸBÍ BÈÈRÈ

Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní ẹ̀rọ yìí, kì í sì í ṣe gbogbo ibi tó ní in ló ní ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Sikáànì kì í gún abẹ́rẹ́. Ọwọ́ tó kọ́ṣẹ́ ló ń gún un. Kí ẹbí bi dókítà pé: Ṣé ẹsẹ̀ nìkan lẹ lè pa kú? Ta ló máa ṣe é, ṣé ó ti ṣe é rí? Ṣé sikáànì wà? Bí oògùn bá bọ́ sẹ́jẹ̀ ńkọ́, kí lẹ ní nílẹ̀? Bí abẹ́rẹ́ bá kọ̀, kí ló kàn? Ìbéèrè kì í ṣe àrífín. Ẹni tó ń ra aṣọ lọ́jà ń na án wò, ó ń yí i padà, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ẹsẹ̀ ara ẹni.

Bí ìdáhùn bá sì jẹ́ pé kò sí níbẹ̀, abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ṣì wà, oorun náà ṣì wà. Àwọn dókítà ń lò wọ́n lójoojúmọ́, èèyàn sì ń jí. Àtọ̀gbẹ kì í dúró de ẹni tó ń bẹ̀rù. Ìka ẹsẹ̀ tó dúdú lónìí, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn lónìí, nígbà tó ṣì jẹ́ ìka.